Orúkọ Kan fún Ẹsẹ̀ Méjì

"Mo ti béèrè lọ́wọ́ àdúgbò," ni ẹsẹ̀ náà wí. "Wọ́n ní ẹnìkan ti ń jẹ́ orúkọ yẹn. Mo dúró."

Ó sì dúró lóòótọ́. Ó dúró gbagidi pẹ̀lú Ìbíwùmí lórí rẹ̀, níbi tí àgbàlá ti parí tí títì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tí ìyá rẹ̀ bí mọ́ ọn, ti bọ́ sójú títì. Ti òsì, èyí tí ìjọba fún un, kọ̀ jálẹ̀ lẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ tẹ̀lé olówó rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí obìnrin náà fi imú gbálẹ̀. Ó di òpó iná mú, ó bú ẹsẹ̀ náà, ó bú ẹni tó rọ ọ́, ó wá bú ara rẹ̀ mọ́ ọn.

"Tún béèrè."

"Mo ti béèrè nígbà mẹ́wàá láti àárọ̀."

"Mo ní kí o tún béèrè! Ta ni ẹni náà? Ilé wo ló ń gbé? Kí ló ń jẹ́ orúkọ mi sí?"

"Àdúgbò kì í sọ ẹni tó dáhùn. Ó kàn ń sọ pé ẹnìkan dáhùn ni."

"Ẹ má bínú o, màdáámù," ni ohùn kan wí láti abẹ́ igi àràbà. "Aago mọ́kànlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú."

Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan ló sọ̀rọ̀, alábẹ̀wò láti Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀yà Ara. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, wàláà dígí wà lórí itan rẹ̀. Láti ilé ló ti gbé àga tó jókòó lé wá, torí iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ pé kò sí ilé tí wọ́n ti ń fún òun níjókòó. Ohun tó tìtorí rẹ̀ wá kò le, bó ṣe kà á sí Ìbíwùmí létí ní àárọ̀ nìyẹn: kí ẹsẹ̀ náà rin ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ lójú títì, láti ìdí àràbà dé ìdí táńkì omi, kí aago méjìlá tó lù. Ẹsẹ̀ tí kò bá tẹ títì fún ọjọ́ márùndínlọ́gbọ̀n, òfin ti kà á sí ẹsẹ̀ tí ẹni tó wà lára rẹ̀ kò nílò. Wọ́n á gbé e fún ẹni tó kàn. Ẹni mọ́kànléláàádọ́rin ló wà lórí ìwé.

Ọdún mẹ́ta ni Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ fi wà lórí ìwé yẹn. Orí òrùlé ló ti já bọ́, níbi tó ti ń nu sólà, iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà tó ti lè gun àkàbà. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà dé, ní Òpópó Agódó tó ń gbé nígbà yẹn, ọjọ́ kẹta ló ti ń sáré. Ó ń sáré láìnídìí. Bí wọ́n bá ní kó lọ ra iyọ̀, á sá lọ, á sá bọ̀, á tún ní ṣé ẹ ò fẹ́ ata. Lẹ́yìn náà ló wá kó wá sí Òpópó Ìdí-Àràbà, torí pé ilé ibẹ̀ kò ní àtẹ̀gùn. Láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà ti kọ̀ láti tẹ títì. Nínú ilé, kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní orúkọ tó ń jẹ́ láàárín ògiri mẹ́rin, ó sì ń rìn geerege. Ṣùgbọ́n orúkọ inú ilé kò dé ojú títì. Lójú títì, ẹ̀rọkẹ́rọ tí kò bá ní àdírẹ́sì kò gbọdọ̀ mira, torí àdírẹ́sì ni àwọn ọkọ̀ aláìláwakọ̀ fi ń mọ ohun tó ń bọ̀. Òfin náà kò béèrè bóyá ara ènìyàn ni wọ́n so ẹ̀rọ ọ̀hún mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ti lọ sí ọ́fíìsì wọn láàárín ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, lórí ọ̀pá méjì, ẹsẹ̀ náà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní kó pa á kó tún tàn án. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kó pa á kó tún tàn án, àmọ́ kó dúró díẹ̀ láàárín. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin kan wò ó tìyanutìyanu, ó ní ṣé ó dá a lójú pé ó so ó mọ́ra dáadáa. Lẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n ti lọ jẹun.

"Ọ̀gá," ni Ìbíwùmí wí, ó ń gbìyànjú láti má ṣe pariwo, "ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó sọ. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ rìn."

"Mo gbọ́. Wàláà mi ò ní etí ni. Ìṣísẹ̀ ló ń kà."

"Ẹ fún un ní àdírẹ́sì, kó rìn!"

Láṣebìkan rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ló ń fún ẹ̀rọ ní àdírẹ́sì láyé ìsinsìnyí? Ayé ìyẹn ti lọ. Akéde yín nìyẹn." Ó nawọ́ sí àpótí aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ilé tó wà lódìkejì títì. "Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ló ń ké orúkọ òpópó yín. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á gbọ́ orúkọ òpópó, á so nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ mọ́ ọn, ó ti ní àdírẹ́sì nìyẹn. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ, á kọ́kọ́ bi àdúgbò pé, ǹjẹ́ ẹnìkan ń jẹ́ báyìí? Bí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, ó ti di tirẹ̀. Kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ gbogbo ìyẹn, ọ̀gá. Ẹnìkan ń dáhùn. Ta ni?"

"Ìyẹn gan-an ni kò yé mi. Nọ́ńbà kì í bára dọ́gba. Ẹ̀rọ kan, nọ́ńbà kan." Ó dìde, ó sún mọ́ ọn, ó lóṣòó, ó fi áńkáṣíìfù nu gìgísẹ̀ náà. Ó wò ó, ó tún wò ó. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Kẹ́hìndé ni!"

"Kí ni Kẹ́hìndé?"

"Ẹsẹ̀ yín. Ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́, kí wọ́n tó kógbá sílé, méjì-méjì ni wọ́n ń rọ wọ́n, ọ̀tún àti òsì, ní ọjọ́ kan náà. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní ìbejì ni wọ́n, kò dáa kí á yà wọ́n. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ̀ sára àwọn méjèèjì. Èyí tó jẹ́ ọ̀tún ni Táyé, òsì ni Kẹ́hìndé. Ẹ wo àmì rẹ̀ níbí."

Ìbíwùmí ò wo àmì kankan. "Ẹni tó pàdánù ẹsẹ̀ kan, méjì ni wọ́n fẹ́ fún un ni?"

"Wọn ò rò ó débẹ̀." Ó dìde, ó ń gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. "Ìbejì ni wọ́n ń rò. Táyé rẹ̀ ní láti wà lójú òpópó yìí nìyẹn."

Kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí ilẹ̀kùn ilé Akéde fi ṣí. Bàbá Ìgè jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Òun ni olórí òpópó, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ Akéde wà, àárọ̀ àti ọ̀sán ló sì ń gbá abẹ́ àpótí náà bí ẹni ń gbá ojú oórì. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ó ń rìn kánkán. Lójoojúmọ́ ni Ìbíwùmí ń kí i láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ káàárọ̀ bàbá, ẹ kú iṣẹ́ bàbá, kò sì tíì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹni tí wọ́n ti tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kì í tẹjú mọ́ ti ẹlòmíràn. Lónìí ó wò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá náà, láti orúnkún dé ilẹ̀, jẹ́ àwọ̀ igi ìrókò bíi tirẹ̀ gan-an, kókósẹ̀ bíi tirẹ̀, ó ń gbé e lọ gbé e bọ̀ lójú títì tí ti Ìbíwùmí kò lè tẹ̀.

Inú bí i tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi dé sí i lójú.

"Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá!"

Bàbá Ìgè rọra sọdá wá bá a. Sísọdá yẹn pàápàá dun Ìbíwùmí wọ egungun.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o dì mọ́ òpó bí aláǹgbá?"

"Ẹ dákun, ẹ gbé gìgísẹ̀ yín sókè kí ọ̀gá yìí wò ó."

"Ṣé ẹṣin ni mí?"

Ṣùgbọ́n ó gbé e sókè, ó di èjìká Láṣebìkan mú. Láṣebìkan ka nọ́ńbà rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìbíwùmí sì ń ka tirẹ̀ tẹ̀lé e láti orí, torí ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Wọ́n kà á dé òpin. Kò sí èyí tó yàtọ̀.

"Èmi ni mò ń dáhùn, àbí?" ni Bàbá Ìgè béèrè nígbà tó yé e.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Láti ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Mi ò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀."

"Bó bá jẹ́ ti Kẹ́hìndé ni, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n!" Ìbíwùmí kọjú sí Láṣebìkan. "Òun ló rán Táyé ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ ọ́n? Kí Táyé dìde fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀!"

"Àwọn ẹ̀rọ kò gbọ́ ìyẹn, màdáámù. Bíi ti ìyàwó ilé ni tiwọn. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyáálé."

"Kí ẹsẹ̀ mi yan nọ́ńbà mìíràn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó lè ṣe é."

"Ní ìlú mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Níbí, òfin kò gba ìbòjú. Àwọn ọlọ́pàá fẹ́ mọ gìgísẹ̀ tó bá sá."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́ ló jẹ̀bi!"

"Màá kọ ọ́, tọkàntọkàn. Lẹ́tà á lọ lónìí. Èsì rẹ̀ á dé ní oṣù mẹ́ta. Ẹsẹ̀ á ti lọ láago méjìlá."

Ó sọ ọ́ láìsí ìkà nínú, bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀. Ìbíwùmí rò pé ì bá sàn kó jẹ́ ìkà ènìyàn, ká lè rí ẹni bú.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi," ló wí. "Ẹ rìn dé òpópó kejì. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹsẹ̀ yín á gba orúkọ ọ̀hún, tèmi á rí àyè. Ìdajì wákàtí péré."

Bàbá Ìgè mi orí. "Ǹ bá ti máa lọ. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìlú ní bí àgbà bá dìde, ọmọdé kì í jókòó sórí àga rẹ̀. Bí mo jáde, bí mo pa ẹsẹ̀ yìí, Akéde á máa fi orúkọ mi dè mí títí ilẹ̀ ọ̀la á fi mọ́."

"Òótọ́ ni," ni Láṣebìkan gbè é. "Nítorí àwọn tó ń lọ sóko ni wọ́n ṣe fi í kún un, kí wọ́n má baà dé kí wọ́n bá ẹlòmíràn ní ipò wọn. Kò sí níbòmíràn láyé. Àwa nìkan la ní in."

Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, àwọn méjèèjì. Ìbíwùmí fẹ́ gbá ohun kan ní ìpá. Ohun tó wà nítòsí ni ẹsẹ̀ tirẹ̀, ẹsẹ̀ náà ni kò sì ṣeé gbé.

Láṣebìkan wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Bóyá àánú ṣe é, bóyá kò sì fẹ́ gbé ẹsẹ̀ olómijé sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ ni, ó wúkọ́. "Ọ̀nà kan wà. Akéde lè yí ohùn padà. Dípò kó máa sọ pé kí kálukú sọ ara rẹ̀ lórúkọ, ó lè sọ pé ọwọ́ òun ni kí wọ́n ti wá gbà á. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ á fún ẹsẹ̀ kan ní nọ́ńbà kan, á fún èkejì ní òmíràn. Òfin gbà á."

Ìbíwùmí yíjú sí Bàbá Ìgè. Ó rí i pé ojú bàbá náà ti yí padà. Ọ̀rẹ́ àná ti lọ, ẹlòmíràn ló dúró síbẹ̀.

"Rárá," ni Bàbá Ìgè wí.

"Bàbá, ìṣẹ́jú méjì ni."

"Mo ní rárá."

Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ara òpó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì dáyé nígbà náà. Àdírẹ́sì kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, gbogbo ayé ló sì ń pín in. Èyí tó kan ìlú wa kò tó bù sẹ́nu. Ọwọ́ Ilé-Ìpín, àwọn tó ń pín in, ló wà. Bí o bá tan ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ pariwo síta bí afọ́jú pé, ẹ̀yin tó ń pín, mo dé o. Ilé-Ìpín á ní, eléyìí ńkọ́? Ẹ̀rọ á ní, mo fẹ́ ẹ. Wọ́n á ní, ó di tìrẹ, títí di ọjọ́ báyìí. Títí di ọjọ́ báyìí! Bí ọjọ́ ọ̀hún bá dé ìdajì, kó tún padà lọ bẹ̀bẹ̀. A gbọ́n, a gbọ́n títí. Ogún ẹ̀rọ ló ń lo ẹyọ kan ní agbo ilé wa, gbogbo wọn ń gba ẹnu géètì kan ṣoṣo jáde. Àmọ́ wọ́n ní ẹ̀rọ ìmí, èyí tí aláìsàn fi ń mí, kò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn pín in, àfi kó ní tirẹ̀. Bí kò bá ní, iná kò gbọdọ̀ wọ ọ́."

"Ta ló ń lo ẹ̀rọ ìmí?" ni Ìbíwùmí béèrè. Kò fẹ́ béèrè. Aago ń lọ.

"Àyọ̀ká. Ìyàwó mi. Ọjọ́ àdírẹ́sì rẹ̀ pé, ẹ̀rọ rẹ̀ lọ tọrọ, àwọn tó ń pín ní ó ti tán. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi ń ké mo dé o, mo dé o. Mo jókòó tì í. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mò ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń bẹ àwọn tí mi ò rí." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Nígbà tí Akéde dé, tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa tọrọ mọ́, mo sunkún. Èmi ni mo kàn án mọ́ ògiri yẹn. Mo búra lórí sàréè Àyọ̀ká pé ọwọ́ mi yìí kò ní pín àdírẹ́sì fún ohunkóhun láéláé. Mi ò ní dà bíi wọn."

Láṣebìkan tẹ orí ba. Ìbíwùmí náà mọ̀ pé ó yẹ kí òun tẹ orí ba, kí òun sọ pé Ọlọ́run á tù yín nínú. Àánú bàbá náà ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àánú náà kò rí àyè jókòó nínú rẹ̀, ìbínú ti gba gbogbo ilé.

"Béèrè," ló sọ fún ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo ti béèrè lọ́wọ́ àdúgbò. Wọ́n ní ẹnìkan ti ń jẹ́ orúkọ yẹn. Mo dúró."

"Ẹ gbọ́ ọ, Bàbá? Ìkọkànlá nìyẹn láàárọ̀ yìí. Ẹ ní ẹ ò ní dà bíi wọn. Ẹsẹ̀ mi ń tọrọ, ẹsẹ̀ yín ló ń sọ fún un pé kò sí àyè. Mo sì wà níbí, mò ń gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà le ju bó ṣe rò lọ. Ó rí bó ṣe bá bàbá arúgbó náà. Ó fẹ́ kó o padà, kò sì kó o padà.

Ọkọ̀ aláìláwakọ̀ méjì kọjá. Lẹ́yìn náà Bàbá Ìgè ti ọwọ́ bọ àpò dàńṣíkí rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ kan tí okùn rẹ̀ ti dọ̀tí, ó sì nà án sí i.

"Ọwọ́ mi ni mo fi búra," ló wí. "Mi ò fi tìrẹ búra."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá nígbà tí Ìbíwùmí tú ẹsẹ̀ náà kúrò lára, tó fi ọ̀pá sọdá títì, tó dé ìdí Akéde. Láṣebìkan gbé ẹsẹ̀ tẹ̀lé e bí ọmọ ọwọ́. Bàbá Ìgè kò bá wọn lọ. Ó ní òun ò fẹ́ rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ọ̀nà táńkì, ó kẹ́yìn sí wọn.

Àpótí náà ṣí. Dígí kékeré kan wà nínú rẹ̀. Ìbíwùmí tẹ ibi tí Láṣebìkan fi hàn án. Akéde fi ohùn kan tí òpópó náà kò gbọ́ rí sọ pé, "Èmi ni Ìdí-Àràbà. Láti ìsinsìnyí, ẹ má sọ ara yín lórúkọ mọ́. Ọwọ́ mi ni kí ẹ ti wá gbà á."

Gbogbo òpópó sì dúró, torí orúkọ tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti fún ara rẹ̀ ti bọ́. Fáànù dúró lójú fèrèsé. Ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀ dúró ní ìdajì, ẹni tó fẹ́ gbà á kọjá ń fi èjìká tì í. Láàárín títì, Bàbá Ìgè dúró gbọn-in, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn.

Orúkọ ń tò wá sórí dígí. Ìbíwùmí wá tirẹ̀, ó rí i. Ẹsẹ̀ òsì, ojúlé kẹsàn-án. Àpótí ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà tó fẹ́ fún un. Ó kọ ọ́, ó ṣì í kọ, ó tún un kọ. Àpótí ní títí di ọjọ́ wo? Ó kọ ọdún kan, àpótí ní ó ti pọ̀ jù. Ó kọ oṣù mẹ́fà. Àpótí gbà.

"Mo ti gbà á," ni ẹsẹ̀ náà wí lọ́wọ́ Láṣebìkan. "Mo ní àdírẹ́sì."

"Ìṣẹ́jú mẹ́jọ," ni Láṣebìkan wí.

Ìbíwùmí mọ̀ pé òun lè fún Bàbá Ìgè ní tirẹ̀ kí òun tó lọ. Á gba ìṣẹ́jú kan, bóyá ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ó so ẹsẹ̀ mọ́ra, ó lọ sí ìdí àràbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ẹsẹ̀ náà rìn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Ó ka ìṣísẹ̀ sókè ketekete. Àwọn ènìyàn ń yọjú láti ojú fèrèsé, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń béèrè ẹni tó fọwọ́ kan Akéde. Obìnrin kan ní omi kò jáde mọ́ nínú ẹ̀rọ. Ní ìṣísẹ̀ àádọ́jọ, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ìgè. Òógùn ti bo orí pípá bàbá náà. Kò bẹ̀ ẹ́.

"Máa lọ," ni Bàbá Ìgè wí. "Aago ń lọ."

Ó lọ. Ọ̀ọ́dúnrún pé ní ìdí táńkì, ó ku ìṣẹ́jú méjì. Láṣebìkan tẹ wàláà rẹ̀, ó ní ẹ kú oríire, ó pa àga rẹ̀ dé, ó lọ wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò mira. Ó yọ orí síta, ó ń wo Ìbíwùmí.

Gbogbo wọn ló ń wò ó. Ó sáré padà, ó sáré lóòótọ́, kò sì gbádùn rẹ̀. Ìlà mẹ́tàlélógójì ló tò sórí dígí Akéde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọ̀kan. Èyí tó wà lókè pátápátá ni ẹsẹ̀ ọ̀tún, ojúlé kìíní.

Ó gbé ìka lé e.

"Ìbíwùmí," ni Bàbá Ìgè pè é láti àárín títì. Kò tíì pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ọmọ mi, oòrùn yìí ń pa mí. Jọ̀wọ́."

Ó gbọ́ ọ. Kò sì tíì kọ nǹkan kan. Kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ wàyí. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni òun fi tọrọ, lọ́wọ́ ọmọbìnrin ọ́fíìsì, lọ́wọ́ ògiri, lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Nísinsìnyí, ilé mọ́kàndínlógún, ọkọ̀ alábẹ̀wò àti bàbá àgbà kan ń retí ìka òun. Ó dùn mọ́ ọn. Kò sí bí ó ṣe lè parọ́ fún ara rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn gan-an, ó sì fẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ẹ̀rù bà á. Láti ọjọ́ tó ti já bọ́ lórí òrùlé, ẹ̀rù kò tíì bà á bẹ́ẹ̀.

Ó kọ nọ́ńbà náà kíákíá, ó fún un ní oṣù mẹ́fà, ó bọ́ sórí ìlà kejì, ó kọ ọ́, ó bọ́ sórí ìkẹta. Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ bàbá náà gbéra lójú títì tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun, kò sì lè bojú wẹ̀yìn.